Kí Ni Ó Sọ Ìlẹ̀kẹ̀ Di Ohun Iyebíye?

Ní ọjà Mboppi, ní ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, àwọn aláràtúntà a máa ra ẹrù lọ́pọ̀ láti lọ tà á ní ibòmíràn. Nínú irú ọjà ńlá bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ pupa mẹ́ta lè wà lórí àtẹ kan náà, kí wọ́n sì jọra bí ọmọ ìyá: ọ̀kan jẹ́ iyùn láti inú òkun, èkejì jẹ́ díńgí, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ike. Bí ẹni tí ń tà wọ́n bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iyùn, tí inú oníbàárà sì dùn, tí ìyàwó tuntun wọ èyí tí ó jẹ́ ike, tí ó sì rẹwà, ta ni a ṣẹ̀? Ìbéèrè yìí dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé iyì kò sí nínú òkúta rárá, pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fi í síbẹ̀. Òtítọ́ wà nínú èyí. Ọba Njoya ti ilẹ̀ Bamum, ní Kamẹrúùnù yìí kan náà, ẹni tí ó dá ìlànà ìwé kíkọ sílẹ̀ fún èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, fi ìtẹ́ kan ta Kaiser Wilhelm Kejì ti Jámánì lọ́rẹ ní 1908. Ìlẹ̀kẹ̀ díńgí tí ó ti Yúróòpù wá ni a fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, pẹ̀lú owó ẹyọ. Síbẹ̀ ìtẹ́ ọba ni, ó sì wà ní Berlin títí di òní. Bákan náà ni ó rí ní ilẹ̀ wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa yọ́ yanrìn ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi ṣe díńgí àti ìlẹ̀kẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé àdàlù díńgí náà yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ òkèèrè. Yanrìn tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ di ohun ọ̀ṣọ́ fún ọba.

Ǹjẹ́ a lè tìtorí èyí sọ pé ike àti iyùn dọ́gba? Rárá o. Ní Ìlọrin nígbà kan, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ a máa gbẹ́ òkúta pupa, wọn a dá ihò sí i, wọn a sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán; lantana ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè kún ọjà, iṣẹ́ náà rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá ta ti òkèèrè, tí ó sì pè é ní ti òkèèrè, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pè é ní lantana Ìlọrin, ó tan ẹni tí ó rà á jẹ, ó sì ja ẹni tí ó làágùn lórí òkúta lólè. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í purọ́. Ẹnu tí ó sọ ọ́ lórúkọ ni ó ń purọ́.

Irọ́ kejì tún wà, èyíinì ni títa agbára tí òkúta kò ní. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé amethyst kì í jẹ́ kí ọtí pa ènìyàn; ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an ni aláìmutíyó. Ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, Josephus fi òkúta 12 tí ó wà ní ìgbàyà olórí àlùfáà wé oṣù 12. Ní 1912, àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà fi ẹnu kò, wọ́n sì pín òkúta fún oṣù ìbí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó wọ òkúta oṣù rẹ̀ fún ẹwà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tà á fún aláìsàn pé yóò wò ó sàn, inú ìrora ọmọnìkejì rẹ̀ ni ó ti ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ náà wá kan àwa tí ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, nítorí àwa náà ní àtẹ lọ́jà. Ọ̀rọ̀ Hébérù kan wà nínú Òwe 31:10, peninim. Àwọn amòye kan gbà pé iyùn ni, àwọn mìíràn ní péálì ni, àwọn mìíràn sì ní òkúta pupa ni. Iyùn ni Bíbélì Yorùbá pè é. Àwọn àgbà wí pé ọmọ ẹni kò lè ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ǹjẹ́ èyí kò dàbí pípe ike ní iyùn? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Iyì obìnrin oníwà rere ni ẹsẹ náà ń wọ̀n, kì í ṣe irú òkúta. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ iyùn ti mọ bí iyì náà ti tó. Ṣùgbọ́n ní Ẹ́kísódù 28, níbi tí a ti ka òkúta 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, irú òkúta ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Kò tọ́ kí a fi iyùn àti sègi dí àyè wọn. Nítorí náà ni orúkọ àjèjì bí safire fi wà níbẹ̀. Àní safire pàápàá ń fẹ́ àlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ amòye gbà pé ti àtijọ́ kì í ṣe èyí tí a ń tà lónìí, bí kò ṣe lapis lazuli, òkúta aláwọ̀ aró tí ohun wínníwínní bíi wúrà ń dán nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò mọ iyùn yàtọ̀ sí ike, ẹnu ẹni tí ń tà á ni ó gbójú lé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àgbàlagbà tí kò gbọ́ Hébérù gbójú lé wa. Níbi tí irú òkúta kan kò bá dá wa lójú, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pé kò dá wa lójú. Èyí kì yóò dín iyì Ìwé náà kù.