Ẹran Iléyá Kò Gbọdọ̀ Di Gbèsè

Khutubah ọjọ́ Jímọ̀, láti ẹnu Igbákejì Imáàmù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ọ̀run àti ilẹ̀, tí ó sì fi òṣùpá ṣe òǹkà oṣù fún ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Oṣù méjì ààbọ̀ ni Iléyá ti kọjá. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ ọdún mìíràn lónìí lè wí pé a yára jù. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé nínú àwọn tí ó jókòó sí mọ́sáláṣí yìí, àwọn kan ṣì ń san owó àgbò tí a ti jẹ ẹran rẹ̀ tán. A kò sọ èyí láti dójú tì wọ́n, nítorí àwa náà ti jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún kan, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí owó lọ́wọ́ wa. A rò ó pé, kí ni àwọn ènìyàn yóò wí bí wọn kò bá gbọ́ igbe àgbò ní àgbàlá Ààfáà? A lọ gba àgbò láwìn. Ọdún dùn. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, wọ́n lé àwọn ọmọ wa padà wá sílé nítorí owó ilé ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tí ó ni àgbò wá kan ilẹ̀kùn, a sì ní kí ọmọ sọ fún un pé a kò sí nílé. Inú yàrá ni a wà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka hádíìsì tí Bukhari gbà wá, pé Ànábì a máa tọrọ ìṣọ́ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ gbèsè, nítorí onígbèsè a máa purọ́, a sì máa yẹ àdéhùn. Ọjọ́ náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ yé wa. Ìjọsìn ni a fẹ́ ṣe. Irọ́ ni a fi kọ́ ọmọ wa.

Ẹ̀yin ará, nínú Súrà Hajj, ẹsẹ 37, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ Òun, bí kò ṣe ìbẹ̀rù Rẹ̀. Súnà tí ó lágbára ni ẹran pípa fún ẹni tí ó ní ìkápá. Ẹni tí kò ní, kò jẹ̀bi. Wọ́n gbà á wá pé Abubakr àti Umar a máa fi í sílẹ̀ nígbà mìíràn, kí àwọn ènìyàn má baà sọ ọ́ di dandan. Ànábì fúnra rẹ̀ pa àgbò kan fún ara rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀, ó sì pa òmíràn fún àwọn ìjọ rẹ̀ tí kò rí pa. Ta ni yóò tún máa tijú, nígbà tí Ànábì ti bá a pa tirẹ̀?

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ pa á, kí ó tètè múra. Àwọn kan ń wí pé ẹni tí ó bá ń tọ́jú owó de ọ̀la kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ànábì a máa fi oúnjẹ ọdún kan pamọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ànábì Yusuf pẹ̀lú, nínú Súrà kejìlá, ni ó kọ́ àwọn ará Íjíbítì láti fi èso ọdún méje pamọ́ de ìyàn ọdún méje.

Ẹ ṣàkíyèsí òṣùpá. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí. Ní 2025, ó di ọjọ́ 6. Bí ọjọ́ 11 ni ó fi ń súnmọ́ wa lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá ń fi oṣù òyìnbó ka ọjọ́, òjijì ni ọdún yóò máa bá a. Lóde òní, ó ń dé nígbà tí ìkórè ńlá kókó ti tán tipẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí òmíràn kò sì tíì dé. Nítorí náà, láti inú owó ìkórè oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni kí àgbẹ̀ ti yọ owó Iléyá sọ́tọ̀. Oníṣòwò Àgọ́-Ìwòyè mọ̀ pé ọjà a máa dá nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì bá lọ fún ìsinmi. Kí ó tọ́jú tirẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nílùú. Apẹja Ogun Waterside, ọjọ́ tí àwọ̀n bá kún ni kí ó rántí.

Ó ku bí 40 ọ̀sẹ̀. Bí a bá fi 200,000 náírà ṣe òṣùwọ̀n, 5,000 náírà ni lọ́sẹ̀. Ẹni tí èyí bá wúwo fún, kí ó máa fi 1,000 sílẹ̀. 40,000 náírà tí yóò rí, yóò fi ra ẹran àti oúnjẹ ọdún láìjẹ gbèsè. Ẹ dá àjọ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán, níwájú ẹlẹ́rìí, láìsí èlé. Ẹni tí ó ní àyè, kí ó ra ọmọ àgùntàn nísinsìnyí, kí ó máa fi èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo iṣu sìn ín.

Ní ti Ojúde Ọba, àwọn Mùsùlùmí ìgbàanì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Aṣọ ẹgbẹ́ regbéregbé dára lójú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó oúnjẹ ilé ni a fi rà á, a ti yà kúrò lọ́nà ìdúpẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ gbèsè, ẹ má ṣe sá. Nígbà tí a pàpà lọ bá ẹni tí ó ni àgbò, tí a sọ òtítọ́, ó pín owó náà sí oṣù mẹ́ta fún wa. Ẹ̀yin tí a jẹ lówó, ẹ rántí Súrà Baqarah, ẹsẹ 280, kí ẹ fún ẹni tí ara ń ni láàyè.

Kí Ọlọ́hun san gbèsè ọrùn wa, kí Ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó sì jẹ́ kí ọdún tí ń bọ̀ bá wa láyọ̀, láìsí ẹni tí a ń sá fún. Àmín.