Ìgò Morandi àti Ogun Etiópíà

ỌMỌṢẸ́: Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Àwọn àwòrán Morandi tí ẹ ní kí n máa wò yìí ti ń bí mi nínú.

Ọ̀GÁ: Báwo ni ìgò ṣe ń bí èèyàn nínú?

ỌMỌṢẸ́: 1936 ló ya eléyìí. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ọmọ ogun Ìtálì wọ Addis Ababa, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú wọn ti da gáàsì olóró lé àwọn ará Etiópíà lórí. Ará Ìtálì ni Morandi. Ó jókòó sí Bologna, ó ń to ìgò. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n ti kọ́ ìparọ́rọ́?

Ọ̀GÁ: Farabalẹ̀ ná. Ṣé o mọ bó ṣe ń ṣe é? Yàrá kan ṣoṣo ní òpópónà Fondazza, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Á fi ọ̀dà kun ìgò kó má baà dán mọ́. Eruku tó bá bà lé wọn, á ní kó wà níbẹ̀. Á tẹ́ bébà sórí tábìlì, á fi pẹ́ńsùlù fa ilà yí ìdí ìgò kọ̀ọ̀kan ká, kó lè mọ ibi tó ti sún un kúrò. Wo àlàfo tó wà láàrin ìgò funfun yìí àti agolo yẹn. Ojú rẹ á fẹ́ sáré kọjá, kò ní lè kọjá. Ohun tí mo ní kí o kọ́ nìyẹn. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìgò báyìí, ó ti mọ nǹkan kan nípa àdúrà.

ỌMỌṢẸ́: Ta ló ń se oúnjẹ aládùúrà? Àbúrò rẹ̀ obìnrin mẹ́ta, Anna, Dina àti Maria Teresa, ni wọ́n jọ ń gbé. Inú yàrá tiwọn lèèyàn ń gbà kọjá kó tó dé tirẹ̀. Ìparọ́rọ́ yẹn, àwọn ẹlòmíì ló ń bá a ru ẹrù rẹ̀.

Ọ̀GÁ: Má jẹ́ kí ìyá àwọn ọmọ mi gbọ́ èyí o. Ṣùgbọ́n ní ti ogun, kí lo fẹ́ kó yà? Òkú? Àwọn tó ń ya ogun nígbà yẹn, púpọ̀ nínú wọn yà á láti fi yin Mussolini, olórí àwọn Fásíìsì tó ń ṣèjọba Ìtálì nígbà náà ni. Ìgò ò yin ẹnikẹ́ni.

ỌMỌṢẸ́: Ìgò ò yìn ín lóòótọ́, ẹni tó ya ìgò ló yìn ín. Lọ́dún 1928, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn Fásíìsì ní Bologna pé òun gbà wọ́n gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1930, wọ́n fi í ṣe olùkọ́ fífín àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìlú náà, láìṣe ìdánwò. Ibẹ̀ ló wà di 1956. Ọ̀gá, ẹnu tó bá jẹ dọ̀dọ̀…

Ọ̀GÁ: Mo mọ ìyókù. Àwọn náà ló kúkú tì í mọ́lé lọ́dún 1943, torí pé ó ń bá àwọn alátakò wọn ṣọ̀rẹ́.

ỌMỌṢẸ́: Fún ìgbà wo?

Ọ̀GÁ: Ọjọ́ díẹ̀ ni. Ó dáa, mo gbà, ọ̀rọ̀ 1928 yẹn kò ṣeé fọ̀ mọ́. Gbèsè ọkùnrin náà ni, kí a kọ ọ́ sí i lọ́rùn. Ibi tí mi ò ti bá ọ lọ ni pé kí a wá sọ wíwo ìgò di ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́ kọ́ ló ṣẹ̀, ìgbà tó la ẹnu ni.

ỌMỌṢẸ́: Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí yàrá pa rọ́rọ́, kì í pẹ́ kó tó rò pé ìta náà ti pa rọ́rọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ọ̀GÁ: Ìwọ ńkọ́? Ojú olóṣèlú tó wà lórí pátákó níwájú ọjà, ta ló yà á?

ỌMỌṢẸ́: Ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ náà, Ọ̀gá.

Ọ̀GÁ: Èmi ni. Owó rẹ̀ la fi san owó ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n mi ò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kankan pé mo gbà á gbọ́.

ỌMỌṢẸ́: Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ pátákó náà, gàdàgbà.