Ta Ló Ni Òru Dókítà?

Dókítà agbẹ̀bí méjì ló ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì n'Íbàdàn lẹ́yìn tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ dókítà níṣẹ́. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò àṣekágbá rẹ́sídẹ́ńsì ní Ìjànìkín, wọ́n sì ti fi í ṣe kọ́ǹsọ́táǹtì ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kó to ètò kọ́ọ̀lù, ìyẹn ètò ẹni tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru, fún àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì, àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ láti di kọ́ǹsọ́táǹtì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ lẹ́nu iṣẹ́ láìlọ sùn. Èyí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbi iṣẹ́, tó fi mú ìwé náà wá bá ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Àbúrò: Ẹ káàsán, sà. Mo wá dúpẹ́ àdúrà yín, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìwé kan.

Ọ̀gá: Kú oríire, Dókítà. Jókòó. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ti dé ọ̀dọ̀ mi ṣáájú rẹ. Jẹ́ kí n sọ tèmi ná, nítorí mo mọ̀ pé o ti mọ tìrẹ.

Ayé ológun ni mo ṣe rẹ́sídẹ́ńsì. Ní 1985 ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ àwọn dókítà. Àwọn ojúgbà wa kó ẹrù, wọ́n gba Saudi Arabia lọ, àwa tó kù la gbé iṣẹ́ àwọn tó lọ rù. Tí mo bá wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kí n tó rílé. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́. Mo máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí gìrì bá kọ́kọ́ gbé aboyún, mo máa ń wà níbẹ̀ nígbà tó bá lajú, tó bi wá léèrè ọmọ rẹ̀. Dókítà tó bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí aago, ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ni yóò máa rí. Ta ni yóò kọ́ ọ ní ìparí rẹ̀?

Àbúrò: Mo gbà pé lẹ́bàá ibùsùn la ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni ẹni tó ń san owó ẹ̀kọ́ náà. Aboyún tí wọ́n gbé wọlé ní aago mẹ́rin òru ọjọ́ Àìkú, ṣé ó mọ̀ pé dókítà tó fẹ́ la ikùn òun kò tíì sùn láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì? A máa ń jẹ́ kó fọwọ́ síwèé kí a tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. A ó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀, a ó sọ pé ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé oorun ń kun dókítà.

Ọ̀gá: Tó bá sì mọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹlòmíì wà níbẹ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́ ni? Dókítà tó ti rẹ̀ sàn ju kí dókítà má sí.

Àbúrò: Ní òru yẹn, bẹ́ẹ̀ ni. N ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi aláìsàn sílẹ̀ kó kú torí pé aago lù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òru yẹn la to ètò kọ́ọ̀lù, sà. Ọ̀sán gangan la tò ó, ní oṣù tó ṣáájú, tí ara wa balẹ̀, tí a sì ti mọ̀ pé ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta léra yóò ti dákú tán kó tó di ọjọ́ Àìkú. Pàjáwìrì ni ti aboyún. Tiwa kì í ṣe pàjáwìrì. Àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni.

Ọ̀gá: Ọ̀rọ̀ ńlá lo sọ yẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ó dá ọ lójú pé àìsùn ló ń pa wọ́n? Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán èyí wò ṣáájú rẹ. Ní 1984, Libby Zion, ọmọ ọdún 18, kú ní ilé ìwòsàn kan ní New York. Bàbá rẹ̀, agbẹjọ́rò àti akọ̀ròyìn, kò gbà. Ó pariwo títí ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989, pé kí rẹ́sídẹ́ǹtì má ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀, kó má sì ju 24 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2003 ìlànà wákàtí 80 náà kárí Amẹ́ríkà. Ní 2011 wọ́n tún ní kí àwọn ọlọ́dún kìíní má ju 16 lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá ṣe ìwádìí ńlá méjì, ọ̀kan láàárín àwọn oníṣẹ́ abẹ, tó jáde ní 2016, èkejì láàárín àwọn dókítà tí kì í ṣiṣẹ́ abẹ, tó jáde ní 2019. Iye aláìsàn tó kú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ níbi tí ìlànà ti le àti níbi tí ó ti rọ̀. Kí èkejì tó jáde rárá, ní 2017, wọ́n ti dá àwọn ọlọ́dún kìíní padà sí 24. Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Àbúrò: Mo fẹ́ kí a kà á parí. Nínú ìwádìí méjèèjì, àtàwọn tí ìlànà le fún àtàwọn tó rọ̀ fún, kò sí èyí tí wọ́n gbà láyè láti ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń sùn díẹ̀ ni wọ́n fi wé ẹni tó ń sùn díẹ̀ sí i. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni wé rẹ́sídẹ́ǹtì tiwa tó ń ṣe wákàtí 72 lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà padà sí, 24, ibẹ̀ gan-an ni ìwé mi dúró sí.

Ìwádìí mìíràn wà, sà, tó jáde ní 2004 láti Boston. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn dókítà ọlọ́dún kìíní ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe kọ́ọ̀lù gígùn ti àtijọ́, àṣìṣe ńlá tí wọ́n ṣe fi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà tí wọ́n gé e kúrú. Ní 1997 sì rèé, àwọn onímọ̀ ní Australia ti fi ẹni tí kò sùn wé ẹni tó mutí: ẹni tó ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 24, bí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ kò sàn ju ti ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára. Bí rẹ́sídẹ́ǹtì bá mu bíà méjì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, a ó lé e jáde, a ó sì pè é lẹ́jọ́. Bí kò bá sùn fún ọjọ́ méjì, a ó yìn ín pé ó ní ìfaradà.

Ọ̀gá: Dúró níbẹ̀. Ẹni tó mutí, tara rẹ̀ ló ń rò. Ẹni tí kò sùn nítorí aláìsàn, ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Má fi àwọn méjèèjì sí ojú kan náà.

Àbúrò: Mo gbà, sà. Ọkàn wọn yàtọ̀, n kì yóò sì tún fi wọ́n wé ara wọn láti tàbùkù ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀mí aboyún ni ọwọ́ wọn jọ wà lé, kò sì mọ ọkàn èwo ló dára.

Ọ̀gá: Ó dáa. Jẹ́ kí n mú ọ wá síbi tí ẹ̀rù ti ń bà mí. Ìfàṣẹ́lélẹ̀ ni, kí dókítà kan fi aláìsàn lé èkejì lọ́wọ́: kí ẹni kan máa lọ, kí ẹni kan máa bọ̀. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, aboyún kan ní gìrì. A bẹ̀rẹ̀ magnesium sulphate fún un bí a ṣe máa ń ṣe: gíráàmù 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ìdí òsì, lẹ́yìn náà 5 ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Dókítà tó ń lọ sílé fún un ní tiẹ̀, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó gba iṣẹ́ tún gún un ní abẹ́rẹ́ kan náà. Nọ́ọ̀sì kan ló rí i pé obìnrin náà ń mí bí ẹni tí kò fẹ́ mí mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ calcium gluconate tó wà nílẹ̀, òun ló gbà á là. Ìwé rẹ yìí yóò sọ ìfàṣẹ́lélẹ̀ kan di mẹ́ta.

Àbúrò: Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí ẹnikẹ́ni tó gún abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́dọ̀ kan orúnkún aláìsàn kó rí i pé ẹsẹ̀ ta, kó ka mímí rẹ̀ kó rí i pé kò dín ní 16 ní ìṣẹ́jú kan, kó wo ìtọ̀ rẹ̀ kó rí i pé ó pé mìlílítà 100 ní wákàtí mẹ́rin. Dókítà tó gba iṣẹ́ yẹn kò ṣe ọ̀kankan. Ṣé ó ti sùn, sà?

Ọ̀gá: N ò mọ̀. Nígbà náà, a kì í béèrè.

Àbúrò: Ìfàṣẹ́lélẹ̀ ṣeé kọ́, sà. Ní 2014, àwọn ilé ìwòsàn ọmọdé mẹ́sàn-án gbé ìwádìí jáde: wọ́n kọ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì bí a ṣe ń fi aláìsàn lé ẹlòmíì lọ́wọ́, pé kí wọ́n sọ bí àìsàn ṣe le tó, ohun tó kù láti ṣe, ohun tó lè yíwọ́, kí ẹni tó ń gbà á sì tún un sọ padà. Ìpalára tó ṣeé dènà fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ètò yẹn ti wà lójú kejì ìwé mi.

Ọ̀gá: Mo ti rí i, ó sì dára. Síbẹ̀, ohun tí ìka mi mọ̀ nípa ọrùn ilé ọmọ aláìsàn kan, kò sí ìwé tó lè gbé e fún ẹlòmíì tán.

Àbúrò: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìyẹn, n ò ní ìdáhùn sí i.

Ọ̀gá: Ká wá sí ìdí ọ̀rọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá. Ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ ni pé èèyàn ò sí. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ wà ní Manchester, wọ́n wà ní Birmingham, níbi tí òfin ti ní kí iṣẹ́ wọn má ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀ tí a bá pín in dọ́gba. Ní 2023 àjọ ìlera àgbáyé kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò yẹ kí a máa lọ kó dókítà níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn dókítà wa ń lọ. O ní kí àwọn tó kù lọ sùn. Ta ni yóò jí?

Àbúrò: Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi kọ ìwé yìí. Lọ́jọ́ tí mo yege, gbogbo ẹni tó pè mí ló ń sọ pé ìyà ti tán. Mo bá wọn yọ̀. Nígbà tó ṣe, mo ro ó, mo rí i pé kò tán. Ó kúrò lórí mi, ó bọ́ sórí ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Èmi ni yóò sì máa kọ orúkọ ọmọ náà sábẹ́ ìyà ọ̀hún báyìí.

Ẹ wo ètò kọ́ọ̀lù tó wà lára ògiri wa, sà. Kò sí àyè tó ṣófo níbẹ̀. Ẹni tó bá wá láti iléeṣẹ́ ìlera, yóò wò ó, yóò ní iṣẹ́ ń lọ. Kò ní mọ̀ pé orúkọ ẹni kan náà ló ń yí po. Àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2021, láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kẹwàá. Ìgbà yẹn ni àwọn kan tó mọ̀ pé wọ́n wà. A ń fi ara àwọn ọmọ yìí bo ihò tí ìjọba gbẹ́, a wá ń pe ìbòmọ́lẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́. Irọ́ ni, sà. Èmi ò fẹ́ fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá: Òtítọ́ rẹ náà ní òkú tirẹ̀. Bí àyè bá ṣófo lórí ètò rẹ, aboyún tó bá dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n á ní kó máa lọ. Ilé àdúrà ni yóò lọ, tàbí kó kú sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà. O lè fi ẹ̀rí-ọkàn rẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ò ní jí.

Àbúrò: Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ó ṣófo. Ẹ ṣí ojú ìwé kẹta.

Ọ̀gá: Àwọn kọ́ǹsọ́táǹtì lo kọ síbẹ̀.

Àbúrò: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kì í ṣe pé kí wọ́n máa gbé fóònù lọ́wọ́ nílé. Kí wọ́n wà ní wọ́ọ̀dù, lálẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí a jẹ́ rẹ́sídẹ́ǹtì, a máa ń pe kọ́ǹsọ́táǹtì ní òru, yóò fi ẹnu sọ ohun tí a ó ṣe, yóò padà sùn. Tí iṣẹ́ bá dára, òun ló ni ín. Tí ó bá bàjẹ́, àwa la ó lọ ṣàlàyé níwájú gbogbo ilé.

Ọ̀gá: Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti jókòó sí ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà fún ọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní kíláíníkì tiwọn tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́, owó oṣù ìjọba ò sì tó wọn. Ìwọ lo kéré jù nínú wọn. Kí lo fẹ́ fi mú wọn?

Àbúrò: N ò lè mú wọn, sà. Mo lè kọ orúkọ tèmi ṣáájú. Òru méjì lọ́sẹ̀ ni mo kọ fún ara mi. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, òwe yín ni. N ò fẹ́ di irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá: Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan ló wá?

Àbúrò: Òru méjì á ti yàtọ̀ nínú méje.

Ọ̀gá: Fún mi ní báírò. Mo fẹ́ kọ ohun kan síbẹ̀: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ni yóò parí rẹ̀, aago ìbáà lù.

Àbúrò: Mo fara mọ́ ọn, sà.

Ọ̀gá: Ẹni tó bá gba aboyún tó ń rọbí ni yóò gbẹ̀bí rẹ̀.

Àbúrò: Rárá, sà. Ìrọbí àkọ́bí lè gbà tó ogún wákàtí.

Ọ̀gá: Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Obìnrin yẹn ti mọ ojú kan, ó ti di ọwọ́ kan mú. O ò lè máa pààrọ̀ rẹ̀ bí aṣọ ìbora.

Àbúrò: Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí fún un. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́yìn tó bí tán, ìṣẹ́jú mélòó la ní? Ọwọ́ tó ti sùn ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. N ó fa ìlà lé e, sà, ẹ má bínú.

Ọ̀gá: Fa ìlà lé e. N ó tún un kọ sí ìsàlẹ̀, kí àwọn tó kù lè rí i pé a ò fẹnu kò. Ó dáa. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí jàǹbá ọkọ̀ máa ń pọ̀, tí wọ́n sì máa ń gbé aboyún wá láti àwọn ìlú tó yí wa ká. Mélòó lo ní?

Àbúrò: Rẹ́sídẹ́ǹtì méjì, sà. Èmi ni ìkẹta.