Àjòjì Lójú, Kò Fi Ríran

Atlantis ni ìlú tí Plato, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, sọ pé òkun gbé mì. Kò sẹ́ni tó fojú rí i. Síbẹ̀, nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, tó rí orí idẹ Olókun, ó ní ilẹ̀ Yorùbá ni Atlantis wà. Òwe tó bá a mu ni: àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó rí ẹwà idẹ. Kò rí ọwọ́ Yorùbá tó rọ ọ́. Bí ẹni fẹ́ já a nírọ́, ní 1938, àwọn orí idẹ mìíràn tún jáde nílẹ̀ ní agboolé kan lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni.

Ìlú Benin náà jẹ nínú ìwọ̀sí yìí, pé àjòjì ló ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ó sì dun ni. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ọnà lọ ní 1897, àwọn kan ní Potogí tàbí ará Íjíbítì ló kọ́ ará Benin níṣẹ́ idẹ. Wọn kò bi ará Ìgún, àdúgbò àwọn tó ń rọ idẹ ní Benin, léèrè. Ẹni tó bá kúrò ní ọjà New Benin, tó gba àárín ìlú dé òpópónà Ìgún, yóò bá àwọn tó jogún iṣẹ́ náà lẹ́nu rẹ̀ lónìí: wọn á fi amọ̀ mọ inú ère, wọn á fi ìda bò ó, wọn á fín ojú àti ìlẹ̀kẹ̀ sára ìda, wọn á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Iná á yọ́ ìda dànù, idẹ yíyọ́ á sì ṣàn wọ àyè rẹ̀.