Ta Ni Ó Ni Ìbòjú?

Ìbéèrè àtijọ́ ni bóyá irọ́ ni ẹni tí ó fi ìbòjú bo ojú ń pa, tàbí òtítọ́ kan tí ojú lásán kò lè gbé ni ó ń sọ. Àwọn ará Áténì àtijọ́ fi ọdún Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, dáhùn rẹ̀: ìlú fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣètò eré ní ẹsẹ̀ òkè Acropolis, ní ojúmọmọ, tí òṣèré mẹ́ta péré ń pààrọ̀ ìbòjú láti di ọba, ayaba àti ìránṣẹ́. Gbogbo òǹwòran ni ó mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti má wá ẹni náà rí. Ìfohùnṣọ̀kan yìí ni ó ya ìbòjú òṣèré sọ́tọ̀ sí ti olè.

Ní Padua, ní àríwá Ítálì, ni àwọn ọkùnrin kan ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1545 láti jọ máa ṣeré kiri, kí wọ́n sì jọ máa pín owó, èyí tí a kà sí ẹ̀rí àkọ́kọ́ nípa ẹgbẹ́ commedia dell'arte, eré alárìnjó tí òṣèré ti ń fi ọgbọ́n inú hun ọ̀rọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń fi awọ bojú. Carlo Goldoni ará Venice gbà pé ìbòjú ń sé ìmọ̀lára òṣèré mọ́lẹ̀, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jàre, bí ó bá jẹ́ pé ọkàn ẹnì kan ṣoṣo ni eré fẹ́ tú síta; ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìbòjú kọ́ nìyẹn.

Eré Goldoni kan náà ni ó já a ní koro. Nígbà tí olùdarí eré Giorgio Strehler gbé eré ìránṣẹ́ ọlọ́gàá méjì náà sórí ìtàgé ní Milan ní 1947, Marcello Moretti tí ó ṣe Arlecchino, ìránṣẹ́ náà, kọ ìbòjú, ó kàn kun ojú rẹ̀ ní dúdú. Amleto Sartori, agbẹ́gilére ará Padua, ni ó jí iṣẹ́ ọnà ìbòjú awọ dìde: ó ń gbẹ́ ojú sára igi, ó ń na awọ tútù lé e, ó sì ń fi òòlù lù ú títí awọ yóò fi gba àwòrán igi. Moretti padà gbà á. Lẹ́yìn tí ó kú ní 1961, Ferruccio Soleri gba ipò rẹ̀, Arlecchino sì ń jó lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kú ìdílé ṣe ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Arlecchino kì í ṣe ará ọ̀run ẹnikẹ́ni.

Ní Áténì, ọkùnrin nìkan ni ó ń gbé ojú ayaba wọ̀. Ní Pordenone ní Ítálì, obìnrin, Claudia Contin, ni ó sọ Arlecchino di tirẹ̀, kò sì sí ìlú tí ó pè é ní èèwọ̀. Ní ọ̀dọ̀ eégún ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí níbẹ̀ òǹwòran nìkan kọ́ ni ó ń fọwọ́ sí i. Àwọn tí ó ti kú ní ohùn nínú ẹni tí yóò gbé ẹ̀kú.