Gbèsè Ọrùn Àlejò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kì í ṣe èébú. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé wíwò yàtọ̀ sí rírí: ojú lásán tó láti fi wo nǹkan, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè rí i ní tòótọ́, ó di dandan kí ó mọ ìdí rẹ̀ àti àwọn tí ó ni ín. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù ẹni tí ń gbèrò ìrìn-àjò afẹ́ bi ara rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹni tí ó lọ wo ìlú onílùú jẹ ìlú náà ní gbèsè kankan? Ṣé owó tí ó san ti tó, àbí nǹkan mìíràn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀?

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà wà ní òfuurufú, a ó fi Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú Ìlú Ọba, ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àlejò lè gbà wo ìlú yìí. Èkíní ni kí ó wọ bọ́ọ̀sì tí a yà sọ́tọ̀ fún ìwòran. Àjèjì ni àwọn èrò inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn a máa gbọ́ ìtàn àwọn ilé ńláńlá bí wọ́n ti ń kọjá lára wọn, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè nínú wọn. Èkejì ni kí ó wọ ọkọ̀ tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń wọ̀: bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì, tàbí ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀. Níhìn-ín, olúkúlùkù ni ó ní ibi tí ó ń lọ. Nọ́ọ̀sì ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí ilé-ìwé, agbálẹ̀ ń sáré kí ó má baà pẹ́. Àlejò nìkan ni ó wá wòran láàárín wọn.

Àwọn kan yóò wí pé kò sí gbèsè kankan nínú èyí. Wọ́n ní ẹni tí ó sanwó ọkọ̀ ti ra ìrìn rẹ̀, ẹni tí ó sì ra ọjà tí ó sanwó kò jẹ ọlọ́jà ní nǹkan kan mọ́. Àwíjàre yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1829 ni George Shillibeer bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà gbé èrò láti Paddington dé Bank, ní àárín gbùngbùn ìlú. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1863 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wà ní ayé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Paddington dé Farringdon, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ń tú èéfín ni ó ń fà á nínú ihò ilẹ̀. Ní ọdún 1940, nígbà tí bọ́ǹbù àwọn Jámánì ń rọ̀ sórí ìlú náà, inú ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń sá sí lóru. Ní ọdún 1956 ni iléeṣẹ́ tí ń bójú tó ọkọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí gba òṣìṣẹ́ tààrà láti Barbados, kí bọ́ọ̀sì àti rélùwéè má baà ṣaláìní ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ nínú wọn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, owó tí àwọn èrò bọ́ọ̀sì ń san kò tó gbọ́ bùkátà bọ́ọ̀sì. Owó ìlú ni a fi ń kún un. Ìkòkò ọbẹ̀ tí àlejò bá lórí iná, kì í ṣe òun ni ó se é, owó tí ó sì fi sílẹ̀ kò tó owó ẹran inú rẹ̀.

Apá kìíní gbèsè yìí, ìwà ni a fi ń san án. Lórí àwọn àtẹ̀gùn tí ń fi iná rìn fúnra wọn lọ sí abẹ́ ilẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ dúró a dúró sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹni tí ń kánjú lè gba ọwọ́ òsì kọjá. Àlejò lè dúró sí òsì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kí ó máa wòkè wòdò. Bí ọkọ̀ bá ti ibẹ̀ fi ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀, kò jẹ́ nǹkan kan lójú àlejò, nítorí pé òmíràn ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni ẹni náà yóò fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìjókòó tí a fi sílẹ̀ fún arúgbó, aboyún àti aláàbọ̀ ara. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá mú ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà: ohun tí òfin kò lè fi ipá gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni ọmọlúwàbí ń fi tinútinú yọ̀ǹda.

Apá kejì, òtítọ́ ni a fi ń san án. Ní ọdún 1933 ni a tẹ àwòrán ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí Harry Beck yà jáde fún àwọn èrò. Ó mú kí gbogbo ọ̀nà tọ́ bí ọ̀pá, ó sì to àwọn ibùdókọ̀ bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀, láì ka bí wọ́n ti jìnnà síra sí. Àwòrán náà wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí òun yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò fi han àlejò pé láti Leicester Square dé Covent Garden kò ju nǹkan bí 260 mítà lọ, ìrìn ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba abẹ́ ilẹ̀ láti ibi ìwòran kan dé òmíràn, orí ẹja àti ìrù rẹ̀ ni ó rí. Kò rí ara rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì pàápàá kò lè la ojú ẹni tí kò fẹ́ ríran. Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 12 a máa ti Oxford Circus gba Trafalgar Square, a gba ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kọjá, a sì gba orí afárá Westminster sọdá odò Thames. Kí ó tó sọdá ni àlejò ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ohun tí ó wá wò ti parí. Ṣùgbọ́n ìrìn bọ́ọ̀sì náà kò tíì parí. Yóò gba Elephant and Castle àti Camberwell dé Peckham, níbi tí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja gbígbẹ wà lórí àtẹ, tí èdè Yorùbá sì ń dún lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀. Ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ létí odò kò ṣẹ̀. Àkókò àti owó ní ìwọ̀n. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé kí ó padà sílé, kí ó sì wí pé òun mọ Lọ́ńdọ̀nù. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ìríran tí a pè ní odindi, irọ́ ni.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ǹjẹ́ kí àlejò máa wọ bọ́ọ̀sì lọ wo àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ kò burú ju kí ó máa wo ààfin lọ? Ojú kì í ti ògiri ààfin. Ojú a máa ti ènìyàn. Àtakò yìí lágbára, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà nínú èdè Yorùbá. Orúkọ kan ṣoṣo ni èdè náà ń pe gbogbo ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀: èrò. Onílé tí ń lọ sí ọjà, èrò ni. Àjèjì tí kò mọ ibì kan, èrò ni. Bí àlejò bá gbà pé èrò bí àwọn yòókù ni òun, tí ó ń tò sẹ́yìn ẹni tí ó bá níbẹ̀, tí ó ń dìde fún àgbà, tí kò sì ya àwòrán ojú olójú láì gba àṣẹ, kò sí ibi tí bọ́ọ̀sì gbé e dé tí yóò di àfojúdi. Bí ó bá ka ara rẹ̀ sí òǹwòran nìkan, àfojúdi ni ìrìn rẹ̀, ìbáà ṣe iwájú ààfin ni ó mọ.

Ọ̀rọ̀ jíjẹ́ èrò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ ọdún 2005, àwọn kan gbé bọ́ǹbù wọ ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta àti bọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ènìyàn 52 ni wọ́n pa. Onílé wà nínú wọn, àjèjì wà nínú wọn, àwọn tí Nàìjíríà jẹ́ orírun wọn sì wà nínú wọn. Ikú kò béèrè ta ni ó ń lọ síbi iṣẹ́, ta ni kò lọ. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tún gbéra, àwọn ènìyàn sì tún jókòó ti ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Inú ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni àlejò ń bọ́ sí nígbà tí ó bá rí ààyè jókòó: ẹnìkan fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì bi í ní orúkọ. Kò sí iye owó ọkọ̀ tí ó lè ra ìyẹn. Ìgbẹ́kẹ̀lé bíi tirẹ̀ nìkan ni a lè fi san án padà.

Ní àkótán, àlejò jẹ gbèsè. Ó ń fi ìwà san díẹ̀ nínú rẹ̀ níbi tí ó lọ, ó sì ń fi òtítọ́ san díẹ̀ nígbà tí ó bá ń ròyìn. Èyí tí ó kù di ìlú tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí àjèjì kan bá dúró ní ibùdókọ̀ ìlú rẹ̀, tí kò mọ ọkọ̀ tí yóò wọ̀, tí ó sì ń dí ẹni tí ń kánjú lọ́nà, ọjọ́ náà ni a ó mọ̀ bóyá ẹni tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ríran níbẹ̀, àbí ó kàn wòran.