Kò Sí Nílé, Kò Sí Mọ́

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó wà nínú èdè Yorùbá, bóyá ni a lè rí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ wúwo tó ti "mọ́". Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn ní ilé kan ní Mushin, tí ó béèrè baálé ilé, tí ọmọdé sì dá a lóhùn pé, "Bàbá kò sí nílé," àlejò náà yóò jókòó, yóò gba omi mu, yóò sì dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá wí pé, "Bàbá kò sí mọ́," àlejò yóò káwọ́ lérí. "Kò sí" kan náà ni ó wà nínú gbólóhùn méjèèjì. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó ya ìrìn àjò sọ́tọ̀ kúrò lára ikú. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè ní yunifásítì ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ara ẹ̀rọ ni mo ti rí bí ayé yóò ti rí bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ fódà ni mo fẹ́ bá yín sọ, irú fódà tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà wa tí ó sì ní èkejì rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun, tí okùn àìrí kan so àwọn méjèèjì pọ̀. Ohun tí a bá kọ sínú ti ọwọ́ wa ni yóò hàn nínú ti ọ̀hún. Ohun tí a bá sì pa rẹ́ níhìn-ín, yóò pa rẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Àwọn òyìnbó pe ibi tí èkejì náà wà ní àwọsánmà. Orúkọ náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun kan tí ó kan ojú ọ̀run níbẹ̀. Ilé gidi ni, tí ó kún fún ẹ̀rọ, tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tútù sí tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a máa pè é bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè yá.

Ní Akoka, ní Yaba àti ní Surulere, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lo irú fódà yìí kò níye. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí apá ọ̀pọ̀ nínú wa ká, àlòkù ni, inú rẹ̀ kò sì gba nǹkan púpọ̀. Bí ìwé, fídíò àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ bá ti pọ̀ díẹ̀, yóò ní òun ti yó. Nígbà náà ni ọgbọ́n kan máa ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn pé kí ó gbé fódà náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kí ó gbé e sórí fláàṣì, tàbí sórí háàdì dísìkì ńlá tí a ń fi okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n náà dára lójú. Ó jọ pé ènìyàn yóò ti ara rẹ̀ ní ibi ìpamọ́ méjì, ọ̀kan lórí tábìlì, ọ̀kan ní àwọsánmà, bẹ́ẹ̀ ni àyè yóò sì gba kọ̀ǹpútà láti mí.

Ṣùgbọ́n ohun tí a dá fún yíyọ, bó pẹ́ bó yá, yóò yọ. Okùn rẹ̀ lè tú, ọmọ àbúrò ẹni sì lè fà á yọ kí ó lè fi orin sínú tirẹ̀. Ètò tí ó ń ṣọ́ fódà náà yóò wo ibi tí ó ti máa ń rí i, kò ní rí nǹkan kan. Kí ni yóò rò? Bí a bá ṣe é dáadáa, yóò dúró, yóò sì béèrè. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò rò pé ẹni tí ó ni fódà ti da gbogbo rẹ̀ nù, yóò sì ránṣẹ́ sí àwọsánmà pé kí wọ́n da tiwọn nù pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ Dropbox pàápàá ti kìlọ̀ rí fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé bí a bá gbé fódà wọn sórí dísìkì tí ó ṣeé yọ, tí dísìkì náà sì já nígbà tí ètò wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, kí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì rẹ́ kí ó tó mọ̀ pé dísìkì náà lódindi ni kò sí níbẹ̀. Mo bu ọlá fún wọn pé wọ́n sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n "kí ó tó mọ̀" yìí kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní Èkó tiwa, kò di ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ fa dísìkì kí ó tó yọ. Àwọn háàdì dísìkì ńlá kan wà tí ó ń gba iná tiwọn láti ara ògiri. Bí àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA, bí orúkọ náà tilẹ̀ ti kúrò lára wọn láti ọdún 2005, bá mú iná lọ, dísìkì náà yóò kú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì, kò ní kú. Fóònù tí ó ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì ní bátìrì, òun náà kò ní kú. Ẹ wo bí ó ti rí: ìránṣẹ́ wà láàyè, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ẹrù nìkan ni a kò rí mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́gbẹ́ mi kan nìyẹn nínú yàrá rẹ̀ ní Yaba. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ni ètò tí ó ń lò. Oríkì ìdílé wọn ni ó ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà ní Mushin, fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Bí ó bá ti gba ohùn tán, a fi sínú fódà náà, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ. Ó ń bá iṣẹ́ mìíràn lọ nínú òkùnkùn, kò fura pé ètò náà ti ń kó ohùn ìyá àgbà dà nù ní òkè òkun. Nígbà tí iná padà dé ní òru, ó dé pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ jù, dísìkì náà sì jó. Akẹ́gbẹ́ mi kò banú jẹ́ púpọ̀. Ṣebí èkejì rẹ̀ wà ní àwọsánmà! Ó tó bí oṣù méjì kí owó tó tó láti ra dísìkì mìíràn, kí ó sì tó lọ kó ẹrù rẹ̀. Ó bá fódà náà lófìfo. Ibi tí ilé iṣẹ́ náà ń kó ohun tí a dà nù sí fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó pa á rẹ́ pátápátá, òun náà ti ṣófo.

Ó ti rò pé òun ní méjì. Ohun kan ni ó ní, tí ó ń hàn ní ojú méjì, bí ènìyàn tí ó dúró níwájú dígí. Bí ènìyàn bá kúrò níwájú dígí, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ẹnì kejì ṣẹ́ kù sínú dígí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́, kò ní ìwà, kò sì yẹ kí a máa fi ọ̀rọ̀ rere àti búburú kan án. Èmi kò gbà. Ẹ̀rọ kò dá ara rẹ̀. Ẹnì kan jókòó sí ibì kan, ó sì pinnu iye ìgbà tí ìránṣẹ́ yìí yóò fi dúró kí ó tó gbà pé ohun tí òun kò rí, a ti dà á nù ni. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ìwà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tiwa yìí ń jẹ́ iṣẹ́ tí a kò tilẹ̀ rán an.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣe òdodo sí ẹni tí ó ṣe é. Bí àwọsánmà kò bá gbọ́ràn sí wa lẹ́nu rárá nígbà tí a bá ní kí ó pa nǹkan rẹ́, ìyọnu mìíràn ni yóò bẹ̀rẹ̀. Àwòrán tí obìnrin kan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mọ́ yóò máa padà wá bí àbíkú. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹrù ẹlòmíràn lè ṣìnà ní ọ̀nà méjì: ó lè tọ́jú ohun tí a ti dà nù, ó sì lè da ohun tí a fẹ́ tọ́jú nù. Kò lè bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì pátápátá. Ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba, nítorí a lè ṣe àtúnṣe ti àkọ́kọ́ lọ́la, ti èkejì kò sì ní ọ̀la. Òfin mọ èyí. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011 wí pé ó di ìgbà tí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbúròó ènìyàn kò bá gbúròó rẹ̀ fún ọdún 7 kí a tó kà á sí òkú. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọjọ́ 30 ni Google Drive ń fi ohun tí a bá jù sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó pa á rẹ́. N kò ní kí fáìlì gba ọdún 7. Mo kàn ń fi ìpamọ́ra méjì wé ara wọn ni.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó ń dùn mí ju ìyókù lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lẹ́bàá Abidjan ní Côte d'Ivoire. Báńkì ń ta gẹ̀gẹ̀ ní Èkó, íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dákẹ́. Àwọsánmà kò sí lójú ẹnikẹ́ni tí ọ̀nà rẹ̀ bàjẹ́. Ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà wa wí pé, "Àwọsánmà ti da ẹrù rẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kí èmi náà da tèmi"? Rárá o. Ó kọ ọ́ síwájú wa pé òun kò rí ọ̀nà, ó sì dúró títí ọ̀nà fi là. Ẹ̀rọ náà mọ bí a ti ń dúró, nígbà tí ó bá jẹ́ pé ẹni ńlá ni kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá sí níbi iṣẹ́, wọn á ní ó rìnrìn àjò. Bí ọmọ iṣẹ́ kò bá sí níbẹ̀, wọn á ní ó ti sá, wọn á sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó bá ti ṣe lébìrà rí mọ ohun tí mo ń wí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun nìkan ni èyí, kí ó rántí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ní Ọ̀yọ́ ni ó ti ń ṣe pásítọ̀, ó sì parí ìwé náà ní ọdún 1897. Ní 1899, a fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní 1900, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀hún, ó sì lọ béèrè. Wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí àwọn fi í sí, ṣùgbọ́n àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́, owó! Ní 1901, ẹni tí ó kọ ọ́ kú. Àbúrò rẹ̀ wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé wúruwùru tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, iṣẹ́ tuntun yìí wà lójú òkun nínú ọkọ̀ Appam nígbà tí ọkọ̀ ogun Jámánì kan mú ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Láti Amẹ́ríkà ni ìwé náà ti wá dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Ó jáde ní 1921. Dókítà Johnson pàápàá ti kú ní 1920.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó. Ẹni tí ó bá dúró ní etíkun Èkó ní ìgbà àkọ́kọ́, àti ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ ní ìgbà kejì, ohun kan náà ni ojú wọn rí: ìwé lọ, ìwé kò dé. Ti àkọ́kọ́, kò sí mọ́. Ti èkejì, kò sí nílé ni. Láti etíkun, ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ náà, sùúrù nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó sì ṣẹ́ kù nígbà tí ti àkọ́kọ́ sọnù, kì í ṣe èkejì tí ó bá a dọ́gba láti orí dé ìdí. Ìwé wúruwùru ni, tí ó ti pẹ́, tí kò pé, tí kò gbọ́ pé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ẹnì kejì rẹ̀ nù. Bí okùn kan bá so ó mọ́ ti òǹtẹ̀wé ní 1899 ni, a kì bá tí ní ohun tí à ń pè ní ìwé Johnson lónìí. Nítorí náà ni èmi ṣe gbà pé fláàṣì àti háàdì dísìkì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí kò mọ àwọsánmà rí ni kí a kó sórí wọn, kí a sì yọ wọ́n, kí a fi wọ́n sínú àpótí. Fódà tí ó ní okùn lára, inú kọ̀ǹpútà ni kí ó máa gbé.

Ní ti akẹ́gbẹ́ mi, ohun méjì ni ó ṣẹ́ kù fún un. Ìwé ẹ̀kọ́ kan wà tí ó ti ń fi bírò kọ díẹ̀ nínú oríkì náà sí, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó ṣì sí ibi púpọ̀. Ohùn kan sì wà lórí fóònù àǹtí rẹ̀, tí ó ti fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp láti fi dá a lára yá. Ó padà lọ sí Mushin, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ ìyá àgbà kí wọ́n tún un kì. Màmá kì í, ṣùgbọ́n wọn kò kì í bí wọ́n ti kì í tẹ́lẹ̀. Baba ńlá kan tí ó ṣíwájú ní ìjọ́sí ti bọ́ sẹ́yìn, ìlú kan tí a kò dárúkọ rí sì wọlé. Nígbà tí ó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ hàn wọ́n, màmá ní, "Ti ìjọ́sí nìyẹn. O rò pé ìjọ́sí ni a wà ni?" Olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ mọ èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ó kọ méjèèjì sínú iṣẹ́ náà, lójú ewé kan náà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kò sì fi èyíkéyìí tún èkejì ṣe.